Wọ́n bẹ̀bẹ̀ ní Tudun Biri, ìwé ìwádìí dà?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará Tudun Biri pé jọ láti ṣe Máólúdì. Abúlé ni Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Dróònù àwọn ológun orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà lókè wọn, ó ń wò wọ́n nínú òkùnkùn. Ó ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àwọn tó rù ú là sọ pé bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré bọ̀ láti wá gbé òkú, tí wọ́n ń wá ẹni tó ṣì ń mí, ni òmíràn tún já sí àárín wọn. Lọ́jọ́ kejì sí i, NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n ti sin, èèyàn 66 sì ń gba ìtọ́jú. Amnesty International ní àwọn tó kú lé ní 120. Iye yòówù kí a mú, obìnrin àti ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jí láàárín wa ní Ikorodu nígbà tí Àsàlátù wa ń mú ọjọ́ Máólúdì tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí a fi àwọn tó kú ní Kaduna sínú àdúà. Kò sí ẹni tó kọ̀. Ibi tí ariyanjiyan ti bẹ́ ni ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sọ pé ẹjọ́ yẹn ti parí, pé ìjọba ti bẹ̀bẹ̀, ó ti fowó gbà-má-bínú sílẹ̀, kí làwọn èèyàn tún ń wá? Ìyá Àdínì kò jẹ́ kó jókòó tán. "Ẹ forí jì mí o, Àlàájì. Ta ló tẹ bọ́tìnnì yẹn? Ta ló sì ní kó tẹ̀ ẹ́?" Gbogbo wa wojú ara wa. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé, wọ́n ní kí n lọ kó ọ̀rọ̀ náà jọ. Ohun tí mo kó jọ nìyí, pẹ̀lú èrò tèmi níbi tí mo bá ti ní èrò.

Ohun tí ìjọba ṣe ni kí a fi ṣíwájú, torí ó ṣe nǹkan, ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan kan purọ́. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká, ojú iléeṣẹ́ ológun òfurufú ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ wò, torí àwọn ni a mọ bọ́ǹbù mọ́. Agbẹnusọ wọn, Edward Gabkwet, ní kì í ṣe àwọn, pé àwọn kò fò lọ ṣiṣẹ́ kankan ní Kaduna láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ààbò abẹ́lé ní Kaduna, Samuel Aruwan, jáde láti ìpàdé àwọn aláàbò, ó ní ọ̀gágun V. U. Okoro tó ń darí ẹ̀ka ológun kìíní ti ṣàlàyé pé àwọn ológun orí ilẹ̀ ni, pé àwọn afẹ̀míṣòfò ni wọ́n ń lé tó fi lọ bá ará abúlé. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ẹni tó ni bọ́ǹbù ti jẹ́wọ́.

Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí bọ́ǹbù já lu abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Buhari ní Yunusari, ìpínlẹ̀ Yobe, iléeṣẹ́ òfurufú kọ́kọ́ sẹ́ kanlẹ̀ kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn darandaran tó lọ gba màlúù wọn lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni bọ́ǹbù pa ní agbègbè Doma ní Nasarawa, ọ̀pọ̀ oṣù ni ìjọba fi ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Tí a bá gbé Tudun Biri sí ẹ̀gbẹ́ àwọn wọ̀nyí, ìjẹ́wọ́ náà yá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá àgbà àwọn ológun orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dé abúlé náà. Ọmọ wa ni, ọmọ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Taoreed Lagbaja, tó papòdà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ó dúró láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ó tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo ológun. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gágun ló ń ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Agbẹnusọ rẹ̀, Onyema Nwachukwu, ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀: dróònù ń rìn káàkiri, ó rí àwọn èèyàn tó pé jọ, àwọn tó ń wo àwòrán náà ṣi ìṣesí wọn túmọ̀, wọ́n rò pé ti àwọn jàǹdùkú ni. Ààrẹ Tinubu wà ní Dubai níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ nígbà náà. Láti ibẹ̀ ló ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìwádìí kíkún. Lọ́jọ́ 7 oṣù náà, igbákejì ààrẹ, Kashim Shettima, bẹ àwọn tó fara pa wò ní ilé ìwòsàn, ó ṣèlérí pé wọn yóò tún abúlé náà kọ́ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Pulaku. Àwọn sẹ́nétọ̀ dá mílíọ̀nù 109 náírà.

Ohùn kan ṣá wà tí kò bá ti àwọn yòókù mu. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ní Àbújá, láti ẹnu Edward Buba, gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àwọn afẹ̀míṣòfò máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fara pamọ́ sáàárín ará ìlú kí ará ìlú lè jìyà ohun tí wọ́n bá ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ọ̀gá àgbà ń kúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀, tí agbẹnusọ rẹ̀ ní àwọn ló ṣi àwòrán túmọ̀, ta ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí? Ṣé àwọn afẹ̀míṣòfò wà níbi Máólúdì náà ni àbí wọn kò sí níbẹ̀? Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kò tún gbọdọ̀ máa fi ẹsẹ̀ kejì dá ẹni tó ń bẹ̀ lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Buba kan náà ló sọ fún àwọn oníròyìn pé ìwádìí ti parí, pé ológun méjì jẹ̀bi, wọn yóò sì fojú ba ilé ẹjọ́ ológun. Kò dárúkọ wọn. Kò sọ ipò wọn. Kò sọ bóyá ẹni tó ń wo àwòrán ni àbí ẹni tó pàṣẹ, kò sì sọ ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kàn wọ́n. Ìwé ìwádìí náà kò dé ọwọ́ ará ìlú.

Ibí yìí lèmi àti Àlàájì ti ya ara wa. Bí akápò àjọ bá sọ pé owó tí a dá ti sọnù, tó dọ̀bálẹ̀, tó sunkún, tó tún ta ọ̀kadà rẹ̀ láti dá díẹ̀ padà, a ó ní kó dìde, a lè má tilẹ̀ bú u mọ́. Ṣùgbọ́n a ó ní kó gbé ìwé àjọ wá. A fẹ́ rí ọjọ́ tí owó wà, ọjọ́ tí owó kò sí mọ́, àti ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání láàárín méjèèjì. Ohun tí ìjọba ṣe fún Tudun Biri ni ẹ̀bẹ̀ àti owó. Ìwé ni kò tíì gbé wá.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀, mo lọ wo ohun tí òfin wí. Òfin tó ń darí ogun kì í ṣe òfin àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Nàìjíríà ti wọ inú àwọn Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 láti 1961, òfin tó sọ wọ́n di tiwa sì ti wà nílé láti 1960. Ní 1988 ó tún fọwọ́ sí àwọn àfikún ti ọdún 1977, èyí tí ìkejì rẹ̀ dá lórí ogun abẹ́lé. Ohun tí àwọn ìwé yẹn béèrè kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Ẹni tó gbé ìbọn lo lè bá jà, ará ìlú kọ́. Bí iyèméjì bá wà nípa ẹnì kan, ará ìlú ni kí o kà á sí. Kí o tó ju ohunkóhun, ṣe gbogbo ohun tí agbára rẹ gbé láti mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá sì hàn ní àárín iṣẹ́ pé ẹni tí o rò kọ́ ni, dáwọ́ dúró.

Ohun tó yà mí lẹ́nu, tí mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń bínú gbọ́, ni pé òfin kò sọ pé gbogbo òkú ará ìlú ni ọ̀ràn. Ológun tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, tó wò, tó béèrè, tó dúró, tó sì tún ṣèèṣì, òfin lè má mú un. Kí wọ́n tó lè pe nǹkan ní ọ̀ràn ogun nílé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé (ICC), ó gbọ́dọ̀ hàn pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ lu ará ìlú. Nítorí náà nígbà tí iléeṣẹ́ ológun ní àṣìṣe ni, ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tó ṣọ́ra àti àṣìṣe ẹni tí kò bìkítà, ojú kan náà ni a fi ń wo òkú méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n wà nínú àkọsílẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà: wákàtí tí wọ́n fi wò, ohun tí wọ́n rí, ẹni tí wọ́n pè, ẹni tó fọwọ́ sí i. Òfin kan náà ló ní ìjọba gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀sùn irú èyí tí wọ́n bá fi kan ọmọ ogun rẹ̀, kó sì gbé ẹni tó bá jẹ̀bi lọ sí kọ́ọ̀tù. Iléeṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ké sí Nàìjíríà lọ́sẹ̀ yẹn pé kó tún ìlànà ìjà rẹ̀ yẹ̀ wò.

Mo tọ Bàbá Sọ́jà lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábó, níbi tó ti ń ta ọ̀dà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú iṣẹ́ ológun, kò sì fẹ́ràn kí ará ìlú máa da ológun lẹ́jọ́. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n sún síbi tí oòrùn kò ní pa fóònù, ó wá fídíò kan jáde nínú irú àwọn tí iléeṣẹ́ ológun máa ń gbé síta fúnra wọn láti fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Dúdú àti funfun ni. Ilẹ̀ dúdú, èèyàn funfun, àmì bí àgbélébùú ní àárín. Àwọn funfun yẹn ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀, wọn kò ga ju orí ìṣó lọ.

"Akọ̀wé, ka iye èèyàn tó wà níbẹ̀ fún mi."

Mo kà á, mo tún un kà, iye tí mo rí yàtọ̀ síra.

"Èwo ló mú ìbọn dání nínú wọn?"

"Bàbá, n kò rí i."

"Èwo lobìnrin?"

N kò mọ̀. Ó gba fóònù rẹ̀ padà. Ó ní ooru ara ni kámẹ́rà yẹn ń rí lóru, kò rí aṣọ, kò rí ojú, igi ìdáná tí èèyàn gbé lérí àti ìbọn tó gbé kọ́ èjìká lè jọra fún ẹni tó bá ń kánjú. "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o dúró kí o wò. Wákàtí kan, wákàtí méjì. Jàǹdùkú kì í kó ọmọ kéékèèké jókòó yí ká. Kì í tan iná. Bí o bá wò ó pẹ́, wàá rí ọmọdé, torí ọmọdé kì í jókòó jẹ́ẹ́." Mo bi í bóyá ẹnì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n lè pè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní abúlé wo ni kò ní baálẹ̀, baálẹ̀ wo ni kò ní fóònù, kò sì sí ibi tí ológun ń ṣiṣẹ́ tí kò ní ẹni tó ń fún un ní ìròyìn. Ipè kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ipè kan yẹn ló mú mi ronú nípa Máólúdì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ìbí Ànábì lọ́dún 2023 bọ́ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kàlẹ́ńdà nìkan lè sọ pé Máólúdì ti kọjá, kí làwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe lóru ní oṣù Kejìlá? Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ àáfà kankan ní Ikorodu níbí. Mọ́ṣáláṣí yìí á ṣe tirẹ̀ lónìí, Àsàlátù tọ̀hún á mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí oníwàásù tí wọ́n fẹ́ lè ráyè, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ náà gan-an kánọ́pì ṣì ń bẹ lójú títì. Bó ṣe rí níbí náà ló rí ní Òkè Ọya. Ẹ̀ka kìíní àwọn ológun orí ilẹ̀, ìlú Kaduna ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹni tó ń gbé láàárín àwọn èèyàn yẹn, tó ń gbọ́ ìpè àdúrà wọn lójoojúmọ́, yẹ kó mọ̀ pé àsìkò àpéjọ òru ni.

Ẹjọ́ Rann ti ọdún 2017 ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwé tí kò jáde yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala-Balge ní Borno. Ọkọ̀ òfurufú ológun ju bọ́ǹbù sí àárín àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé, lọ́jọ́ tí Red Cross gbé oúnjẹ wá fún wọn. Òṣìṣẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà mẹ́fà kú síbẹ̀. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières tó wà lórí ilẹ̀ ní nǹkan bí èèyàn 90 ló kú, iye tí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ sọ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Níbẹ̀ náà, ìjọba jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gágun Lucky Irabor tó ń darí ogun ní Àríwá Ìlà-Oòrùn nígbà náà ní òun lòun ní kí wọ́n lọ, torí ìròyìn tó kan òun pé àwọn afẹ̀míṣòfò ń kóra jọ. Ààrẹ Buhari kẹ́dùn, ó rán àwọn aṣojú lọ. Iléeṣẹ́ òfurufú yan ọ̀gá mẹ́fà nínú ara wọn láti wádìí.

Oṣù Keje ni èsì tó jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Agbẹnusọ ètò ààbò, John Enenche, ní ohun tó fà á ni pé kò sí àmì tó yẹ níbẹ̀, pé Rann kò sí lórí máàpù ìjà gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn tí ogun lé ń gbé, èyí ló jẹ́ kí wọ́n rò pé afẹ̀míṣòfò ló pé jọ.

Ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Àwọn ológun fúnra wọn wà ní Rann. Abẹ́ ààbò wọn ni àgọ́ náà wà. Ta ló yẹ kó fi í sórí máàpù, ṣé àwọn tó wá gba àgbàdo ni? Tí ìwé náà bá jáde ní 2017, tí gbogbo èèyàn rí i pé máàpù kan ni ẹlòmíràn ń lò àti pé àwọn tó wà nílẹ̀ kò bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí wọn ì bá máa bi ara wọn ní Kaduna kí wọ́n tó ju bọ́ǹbù ní 2023 ì bá wà lójú tábìlì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì mọ́ dúrọ́ọ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbi tí ológun bá ti ju bọ́ǹbù, tí ológun wádìí, tí ológun dájọ́, tí ológun sì tún pa ìwé mọ́, ẹjọ́ ẹnì kan ni a ń gbọ́.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan Ikorodu nínú bọ́ǹbù Kaduna. Àwọn tó ń gbé ní Ìṣawo àti Igbó Olómu kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ní 2016, àwọn tó ń fọ́ páìpù epo, tí wọ́n fi inú kíríìkì tó lọ dé Arépo ṣe ibùba, ń jáde wá pa èèyàn, wọ́n ń jí èèyàn gbé, ilé ń dá páro torí àwọn onílé ti kó ẹrù sá. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ gbé ológun wọlé, ọkọ̀ òfurufú ológun sì ju bọ́ǹbù sínú àwọn ibùba náà. A pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn. Èmi pàápàá pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ajínigbé ti lé kúrò nílé kì í bi ọkọ̀ òfurufú pé kí ni òfin wí.

Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òfin ti le jù. Kí a tó lè pe rògbòdìyàn ní ogun abẹ́lé, ó gbọ́dọ̀ le dé ìwọ̀n kan, àwọn tó ń bá ìjọba jà sì gbọ́dọ̀ ní ètò, kí wọ́n ní ọ̀gá, kí wọ́n lè jà bí ọmọ ogun. Boko Haram, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn jàǹdùkú Kaduna, àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lórí wọn. Àwọn tó ń fọ́ páìpù ní kíríìkì wa, ó ṣòro fún mi láti rí bí a ṣe lè pe tiwọn ní ogun. Bí kì í bá sì í ṣe ogun, kò túmọ̀ sí pé ológun ti bọ́ lábẹ́ òfin. Ńṣe ló bọ́ sábẹ́ èyí tó tún le jù, òfin tó de ọlọ́pàá: abala 33 nínú ìwé òfin ọdún 1999 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí ẹlòmíràn àfi níbi tí òfin bá là sílẹ̀, àti Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Nàìjíríà sọ di òfin ilé ní 1983. Lábẹ́ ìyẹn, mímú ni ó ṣáájú, kì í ṣe bọ́ǹbù. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé jàǹdùkú lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ogun, kí a má mú òfin ogun wá, kò mọ̀ pé okùn tó fún jù ló ń nà sí ìjọba lọ́rùn.

Mo ka ibi tí mo kọ ọ́ dé fún Bàbá Sọ́jà. Ó gbà pẹ̀lú mi lórí ìpè, lórí dídúró, lórí Máólúdì. Kò gbà lórí ìwé. Ó ní bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ síta, ọ̀tá á mọ bí dróònù ṣe ń wò, á mọ ibi tí kò lè rí. Ó ní àwọn ọmọ méjì yẹn ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ nílé ìwé, bí orúkọ wọn bá jáde kò sí ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni Kunduz. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà yìnbọn lu ilé ìwòsàn Médecins Sans Frontières ní Kunduz, orílẹ̀-èdè Afghanistan, èèyàn 42 kú. Àwọn náà ní àṣìṣe ni. Àwọn náà ni wọ́n wádìí ara wọn, ohun tí àwọn dókítà yẹn bínú sí nìyẹn, wọ́n fẹ́ ìgbìmọ̀ tó dá dúró. Wọ́n fìyà jẹ ológun 16 lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n nínú wọn, èmi ò sì pe ìyẹn ní ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2016 wọ́n gbé ìwé ìwádìí náà síta, ó lé ní 3,000 ojú ewé, wọ́n fi tádà kun orúkọ àti àṣírí wọn. Ohun tó kù tó láti mọ̀ pé wọn kò rí ibi tí wọ́n ń wá, pé ẹ̀rọ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, pé wọ́n ní àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè tí àṣírí ogun rẹ̀ pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà bá lè kun orúkọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, Àbújá náà ní tádà. Bàbá ní Amẹ́ríkà kò ní jàǹdùkú lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la fi í sí, oníbàárà kan ti dé tó ń wá ọ̀dà aláwọ̀ ewé.

Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé (ICC) ní The Hague náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2001. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, olùpẹjọ́ ibẹ̀ nígbà náà, Fatou Bensouda, sọ lórí ogun Boko Haram pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram hu ìwà ọ̀daràn ogun, àwọn ológun Nàìjíríà náà sì hù ú. Tudun Biri kò sí nínú ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí orílẹ̀-èdè bá ti fi òótọ́ inú wádìí, tó sì gbé lọ sí kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ ìkọ̀kọ̀ tí kò sí ẹni tó rí, báwo ni yóò ṣe fi òótọ́ inú hàn fún ẹnikẹ́ni?

Àlàájì ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun ò sọ pé kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, pé ohun tí òun sọ ni pé àforíjì náà ní iye lórí. Mo ti kọ ọ́. Ìyá Àdínì ní kí n kọ ohun tí a fẹ́ kà nínú ìwé náà, kí ó má dà bí ẹni pé ariwo lásán la ń pa. Wákàtí mélòó ni dróònù náà fi wo abúlé kí ó tó ju àkọ́kọ́? Ṣé ẹnì kan pe ẹnikẹ́ni ní Igabi, bí kò bá pè é, ṣé ìlànà ni kò ní kó pè ni àbí ó fo ìlànà? Àwọn méjì tí wọ́n ní ó jẹ̀bi, ṣé wọ́n lágbára láti pàṣẹ ìjà, àbí ẹni tó pàṣẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀? Kámẹ́rà tó ṣi àwùjọ kan mú ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ló rí nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn, tí ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ tún fi ju ẹlẹ́ẹ̀kejì?